Odò Tí Kò Fẹ́ Tọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Eufemia Wolska kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, inú omi ló wà dé àyà, kò dé fìlà, ó sì ń bá pẹ́pẹ́yẹ ńlá funfun ọlọ́rùn gígùn kan ṣe gbólóhùn asọ̀. Yìnyín ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ni. Odò Olszanka ti kún kọjá bèbè, ó ti sọ gbogbo ìsàlẹ̀ ọgbà Wolica di adágún, ìkùukùu sì bo ojú omi bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Eufemia wọ bàtà aláwọ gígùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń bọ̀ wá wò bóyá àwọn igi kéékèèké tó gbìn lọ́dún tó kọjá ṣì dúró. Igi kankan kò yọjú. Ọkùnrin yìí ló rí, tó di ọ̀pá gígùn kan mú tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, tí ẹyẹ náà sì na ọrùn sí i, tó ń sín fìì mọ́ ọn.

"Mo bẹ̀ ọ́," ni ọkùnrin náà ń wí fún ẹyẹ, "kì í ṣe ẹyin rẹ ni mo bá wá. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀pá yìí kan ilẹ̀ ni, màá sì máa lọ."

"Kò ní gbà," ni Eufemia wí láti orí bèbè. "Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìtẹ́."

Ọkùnrin náà yíjú. Ojú rẹ̀ gùn, òtútù ti mú kí imú rẹ̀ pọ́n, ó sì ní irú ojú tí í máa dà bíi pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ yín lọ. Ta ló ní kí ẹ wọ inú omi mi?"

"Ọ̀gágun Wolski ni. Wọ́n ní odò yìí wọ́ jù. Wọ́n ní kí n wá wọ̀n ọ́n, kí a lè gé àwọn igun rẹ̀ kúrò, kó tọ́."

Eufemia nawọ́ sí bèbè. "Ẹ jáde nínú omi yẹn nísinsìnyí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ jáde, Ìyáàfin. Ẹsẹ̀ mi ló há sínú ẹrẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bá ẹyẹ ṣàlàyé nìyẹn, mi ò ráyè sá."

Eufemia kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti wọ inú omi, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó fà á. Ẹrẹ̀ tú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ lójijì, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ara wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa rá dé bèbè, omi ń kán tó-tó lára wọn, eyín wọn sì ń gbá ara wọn.

"Kajetan Lutyk," ni ọkùnrin náà wí, "kápítéènì nínú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọba."

"Eufemia Wolska."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn."

"Èmi ni."

"Áà," ni Kajetan wí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lódìlódì, ó tẹrí ba, ó sì gba ọ̀nà tó kọ ẹ̀yìn sí ilé lọ. Eufemia wò ó títí, kó tó pè é pé ilé wà ní òdìkejì.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀wé tí kò gbọ́ nípa ìwé Eufemia Wolska. Ọkọ rẹ̀ ń gun ẹṣin kọjá lórí Olszanka nígbà òtútù ọdún kan, yìnyín là mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀, odò sì gbé e lọ. Kò ju ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí opó rẹ̀ jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé, kò sì kọ ọ́ láti fi bú odò. Ó ní igi kì í ṣe ọmọ ogun, kí wọ́n yéé tò ó ní ìlà. Ó ní ẹni tó bá ń fi àlùmọ́gàjí gé ewé ní igun mẹ́rin, ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni. Ó ní odò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tó ń fi okùn wọ̀n ọ́n lọ. Àwọn ọlọ́lá Warsaw kà á, orí wọn wú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn igi tí àwọn bàbá wọn ti ń rẹ́ bí irun orí láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin ọlọ́lá kan tilẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé igi gbígbẹ wá láti inú igbó, kí wọ́n rì í mọ́ iwájú ilé òun, kí ibẹ̀ lè dà bí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Àwọn kan bi Eufemia léèrè bó ṣe jẹ́ pé odò tó sọ ọ́ di opó náà ló ń yìn.

Bàbá ọkọ rẹ̀, Ọ̀gágun Wolski, kò ka ìwé náà kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọkùnrin àtijọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, ó sì fẹ́ràn ohun tó bá tọ́. Òun ló gbin àwọn igi tó tò lọ́tùn-ún lósì láti ẹnu ọ̀nà Wolica títí dé títì, igi kọ̀ọ̀kan dojú kọ èkejì rẹ̀. Inú ilé kan náà lòun àti Eufemia ń gbé, nítorí ọkọ Eufemia ti sọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ìyàwó òun ni yóò máa ṣe àkóso Wolica, àti ilé àti ilẹ̀ àti odò, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jẹ́ Wolska. Bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, gbogbo rẹ̀ padà sọ́wọ́ bàbá nìyẹn. Eufemia kò ka èyí sí ẹrù rí. Kò sí ọkọ lọ́kàn rẹ̀.

"Bàbá," ló wí nídìí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, "ẹ mú sójà wọ inú odò mi láìsọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ," ni Ọ̀gágun dáhùn. "Ìwé lò ń kọ lọ́wọ́. O ní 'ẹn.'"

"Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ ni."

"Ìyàwó, omi wọ ilé àwọn ará abúlé Zakole lọ́dún tó kọjá, ó sì tún ti wọ ibẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣé kí n máa wò ó níran? Kápítéènì, ẹ sọ fún un."

Kajetan gbé ṣíbí sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ kíkan tó ń jẹ. Aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni wọ́n yá a wọ̀, apá rẹ̀ sì kúrú. "Bí a bá gé àwọn igun rẹ̀, omi á yára kọjá, kò ní dúró sí abúlé."

"Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?" ni Eufemia bi í.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà."

"Bí a bá yọ ti ẹnjiníà kúrò ńkọ́?"

Kajetan wo inú ọbẹ̀. "Mo ka ìwé yín ní ibùdó ogun, Ìyáàfin. Mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Láti ìgbà náà, mi ò mọ ohun tí mo gbà mọ́."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnjiníà tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ rèé," ló wí.

Báyìí ni Kajetan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọn odò, tí Eufemia sì ń tẹ̀ lé e láti fi hàn án ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ó mú un lọ síbi tí omi ti yí igi ńlá kan po bí ẹni ń jó, ó mú un lọ síbi tí iyanrìn ti ń yọ orí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kajetan á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

"Kí lẹ kọ?"

"Bí omi ṣe jìn tó."

"Mo ń fi ẹwà hàn yín, ẹ̀ ń kọ bó ṣe jìn tó."

"Bí mi ò bá wo nọ́ńbà, ẹwà náà nìkan ni ojú mi á máa rí," ni Kajetan wí, ojú sì tì í lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Eufemia kò mọ̀ bóyá odò ni ọkùnrin náà ń sọ tàbí òun. Ó rò ó títí dé ilé, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń rò ó.

Ìyá Brygida, tó ti tọ́jú Eufemia láti kékeré tó sì bá a wá sílé ọkọ, ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Odò kan ṣoṣo lẹ̀ ń wò lójoojúmọ́ láti àárọ̀ dọ́sàn-án," ló wí bó ṣe ń bá a bọ́ bàtà. "Ṣé kò tíì tó yín wò ni?"

"A ń jiyàn ni, Ìyá Brygida."

"Mo rí i. Iyàn náà ń pọ́n ọ lẹ́rẹ̀kẹ́."

Lọ́jọ́ kan tí òjò lé wọn, wọ́n sá wọ ilé Jagna ní Zakole. Opó ni Jagna náà, ó ní ọmọ kékeré kan lórí itan. Ilẹ̀ ilé rẹ̀ ṣì rọ̀ bí àkàrà tí kò jinná, ògiri sì ní àmì dúdú tó ga dé àyà ènìyàn. Ọmọ náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìsùn rẹ̀ nígbà tí omi dé, ni Jagna wí. Wọ́n so apẹ̀rẹ̀ náà kọ́ sára igi àjà tòun tọmọ títí omi fi fà.

Eufemia wo àmì náà. Ó wo igi àjà.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́ odò náà?" ló bi Jagna níkẹyìn.

"Bí wọ́n bá tọ́ ọ, Ìyáàfin, ibo la ó ti máa rẹ ọ̀gbọ̀ tí a fi ń hun aṣọ? Omi tó ń sáré kì í rẹ ọ̀gbọ̀. Ẹja náà á bá omi lọ."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Èmi?" Jagna gbé ọmọ sí itan kejì. "Kó dúró síbi tó wà. Kó kàn má wọlé wá bá mi ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò bá ara wọn jiyàn. Kajetan kò kọ nọ́ńbà kankan. Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Eufemia ṣí ìwé tó kọ, ó ka ọ̀rọ̀ tó sọ nípa odò àti ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì ń rí apẹ̀rẹ̀ ìsùn ọmọ náà tí wọ́n so kọ́. Ó máa ń pàṣẹ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà láàárọ̀, á sì pàṣẹ òdìkejì rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó pinnu. Ó wọ ẹ̀wù, ó sì gba àárín àwọn igi Ọ̀gágun kọjá lọ sí ilé ìpọntí àtijọ́ tí wọ́n fi Kajetan wọ̀ sí.

Ọ̀nà náà tọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi síbi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Ó rí Kajetan lókèèrè tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Wọ́n jọ ń rìn bọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn fún ìgbà tó pẹ́ jù, tí wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá gbé ojú sí.

"Mo ti pinnu," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ, Ìyáàfin."

"Ẹ tọ́ odò náà," ni Eufemia wí.

Kajetan ti ọwọ́ bọ àyà aṣọ rẹ̀. Ó fa bébà kan yọ, bébà náà ti ya sí méjì. "Mo ti fa àwòrán odò náà ya. Mo ń bọ̀ wá sọ fún yín pé mi ò lè tọ́ ọ."

"Ẹ fa kí ni ya? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a rí nílé Jagna?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé odò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀."

"Mo kọ ọ́ nígbà tí mi ò tíì wọ ilé Jagna."

"Èmi náà wọ̀n ọ́n nígbà tí mi ò tíì bá yín rìn ín."

Wọ́n wo ara wọn. Eufemia ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì sún mọ́ ẹkún. Kajetan mú bébà méjèèjì lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti tò wọ́n pọ̀.

"Eufemia, kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, kò sí Ìyáàfin níbẹ̀, kò sí 'ẹ' níbẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ó yọ lẹ́nu mi ni."

"Tún un sọ," ni Eufemia wí.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá, Kajetan. Ṣáà dúró tì mí ná."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, èjìká ọ̀kan lára ti èkejì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Kajetan sọ pé ibì kan wà tí omi kò lè dé láé, tí wọ́n bá lè kó Zakole lọ síbẹ̀, kò ní sí ìdí láti fọwọ́ kan odò. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀. Eufemia ti mọ ibi tó ń wí. Pápá Òkè ni, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Láti ọdún yẹn ni kò ti jẹ́ kí dòjé tàbí màlúù wọ ibẹ̀. Koríko ga dé ìgbáròkó níbẹ̀, òdòdó ń hù bó ṣe wù ú, láti ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti lè rí gbogbo igun odò pátá.

Ó fi pápá náà sílẹ̀ fún àwọn ará Zakole. Kò fi inú dídùn ṣe é o. Ó sunkún nílé ìdáná, ó sì jágbe mọ́ Ìyá Brygida nítorí tíì tí kò gbóná. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ilé, ó lọ bá wọn pé kí wọ́n má ṣe to àwọn ilé náà, kí wọ́n fọ́n wọn ká sáàárín igi kí wọ́n lè dà bí ohun tó hù níbẹ̀. Àwọn ará Zakole dákẹ́. Jagna ló fọhùn fún wọn.

"Ìyáàfin, a fẹ́ kí ó wà ní ìlà."

"Kí ló dé?"

"Kí n lè máa rí ẹnu ọ̀nà àbúrò mi láti ẹnu ọ̀nà tèmi."

Eufemia wo Kajetan. Kajetan ń wo bàtà ara rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ìlà náà ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn méjèèjì fi wà pọ̀ níbi iṣẹ́ náà, ó sì dé ibi tí Kajetan ò fi mọ bí a ṣe ń pe Eufemia ní Ìyáàfin mọ́, àfi tí Ọ̀gágun bá wà nítòsí. Ọ̀gágun kò fọ́jú. Lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní kí Eufemia wá jókòó ti òun.

"Kápítéènì yẹn," ló wí, "oko tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ò tó yàrá ìjẹun mi."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bí o bá fẹ́ ẹ, Wolica á padà sọ́wọ́ mi, ìwọ náà mọ̀. Màá sì tọ́ odò náà."

"Àwọn ará Zakole ti kúrò níbẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ tọ́ ọ fún?"

Arúgbó náà kò wò ó. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Odò yẹn gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé yìí, tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ kiri bíi pé kò jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá dúró sílé yìí, tí o ṣì jẹ́ ìyàwó ọmọ mi, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi."

Eufemia kò lè bínú sí i. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù sì bà á, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n dá iná àkọ́kọ́ sílé Jagna tuntun, Kajetan mú un lọ sí ẹ̀yìn òkìtì koríko gbígbẹ.

"Fẹ́ mi, ọ̀wọ́n mi," ló wí. "Mi ò ní nǹkan púpọ̀. O mọ̀."

Eufemia wò ó. Bó bá sọ fún un nípa ohun tí Ọ̀gágun wí, ọkùnrin yìí á tọrọ àforíjì, á sì lọ kó má baà gba odò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, kí ló fẹ́ wí?

"Mi ò mọ̀," ló wí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́."

"O ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Máa lọ ná, Kajetan, jẹ́ kí n ronú. Rárá, má lọ."

Kajetan dúró títí, kò rí ohun mìíràn gbọ́. Iṣẹ́ tó bá wá sí Wolica ti parí. Nígbà tó wá dágbére lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé ló wà níta, ó sì tẹrí ba dáadáa. "Ó dàbọ̀, Ìyáàfin. Ẹ ṣeun fún gbogbo oore yín." 'Ẹ' yẹn gún Eufemia bí ẹ̀gún.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Òǹtẹ̀wé ránṣẹ́ láti Warsaw pé ìwé ti tán lọ́jà, kí ó fi nǹkan tuntun kún un kí àwọn tún un tẹ̀. Eufemia jókòó ti bébà, kò rí ọ̀rọ̀ kan kọ. Kí ló fẹ́ kọ? Pé òun ti gé koríko pápá òun fún ilé tó wà ní ìlà, inú òun sì ń dùn tí òun bá rí èéfín wọn? Pé òun ń fi ara òun ṣọ́ odò?

"Ọmọ mi," ni Ìyá Brygida wí, "iyọ̀ lo bù sí tíì yẹn."

"Mo mọ̀," ni Eufemia wí, ó sì mu ún.

"O ò mọ̀ o. Láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti lọ ni o ò ti mọ nǹkan kan mọ́."

Ó lọ sí etí odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, síbi tí yìnyín ti là mọ́ ẹṣin ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Omi ń lọ jẹ́jẹ́, ewé ń bá a lọ. Ó gbìyànjú láti mọ ohun tó dára jù, kò rí i mọ̀. Bó bá dúró, odò á wà bó ṣe wà, òun á sì máa jókòó tì í bí ẹni jókòó ti sàréè títí ọjọ́ orí á fi lọ. Bó bá lọ, wọ́n á gé e, òun á sì mọ̀ pé òun ló fà á. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé nígbàkígbà tó bá rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, Kajetan ló máa ń wá kiri láti sọ fún. Kò dà bí ìdí tó tó. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ló ní.

Ó lọ bá Ọ̀gágun, ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé sórí itan rẹ̀. Arúgbó náà wò wọ́n bíi pé ohun tí kò rí rí ni.

"Màá tọ́ ọ o," ló wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O ò ní bẹ̀ mí?"

"Ó wù mí kí n bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ara mi ra odò mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ odò wà láàárín ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀."

Ọ̀gágun ń yí kọ́kọ́rọ́ kan po lọ́wọ́. "Ta ni yóò máa bá mi jà nídìí oúnjẹ?"

"Màá máa wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n lè wá bá yín jà."

"Ìyàwó ẹlẹ́nu gígùn," ni Ọ̀gágun wí. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ní kó máa lọ kí òtútù tó mú.

Sucha ni oko Kajetan wà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé Eufemia débẹ̀, orí òrùlé ló bá a, ó ń fi pòròpóró tuntun dí ibi tó ń jò. Kajetan sọ̀ kalẹ̀ kánkán, pòròpóró kún irun rẹ̀.

"Ìyáàfin. Ṣé odò tún ti kún ni?"

"Má pè mí ní Ìyáàfin. Mi ò ní odò mọ́, mi ò ní Wolica. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

Kajetan wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀. Eufemia sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí Ọ̀gágun wí, àti bí òun ṣe dákẹ́. Kajetan jókòó sórí ìdì pòròpóró.

"Mo rò pé mi ò tó ni."

"Mo rò pé o máa mọ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? O ní kí n máa lọ, o ní kí n má lọ."

"Méjèèjì ni mo fẹ́."

"Olólùfẹ́ mi, ẹṣin mi gan-an dàrú lọ́jọ́ yẹn, tèmi ò tilẹ̀ ṣeé sọ." Ó dìde, ó fẹ́ dì í mọ́ra, ó rántí pé ọwọ́ òun dọ̀tí, ó dúró. Eufemia kò dúró ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Martin Mímọ́, nínú oṣù kọkànlá, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì onígi kékeré tó wà lẹ́bàá Sucha. Àwọn ará Zakole kó wá, Jagna gbé aṣọ ọ̀gbọ̀ tó hun fúnra rẹ̀ wá. Ọ̀gágun wọ aṣọ ogun àtijọ́, ó jókòó sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ yíyan jáde, ó jẹ púpọ̀. Kó tó lọ, ó sọ fún Eufemia pé òun ti pe ẹnjiníà mìíràn láti Lublin, pé ọkùnrin náà ń bọ̀ nígbà ìrúwé. Eufemia di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun ti gbọ́. Kò mọ̀ bóyá arúgbó náà á ṣe é lóòótọ́. Ó jọ pé òun náà kò mọ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, òun àti Kajetan dúró níwájú ilé wọn. Oòrùn ń rọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju èpò àti òkúta lọ, ẹnikẹ́ni kò tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀.

"Ṣé o kábàámọ̀?" ni Kajetan bi í.

Eufemia rò ó dáadáa, nítorí ó fẹ́ sọ òótọ́ fún un. "Mi ò tíì mọ̀. Bi mí nígbà ìrúwé."

"Bí o kò bá tíì mọ̀ nígbà náà ńkọ́?"

"Kí o tún bi mí nígbà ìrúwé tó bá tẹ̀ lé e."

"Ìyẹn á gba gbogbo ọjọ́ ayé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Eufemia wí, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sínú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀.